Kí Ni Ká Gbé Ìbọn Lé? Ìfiwéra Bípọ́ọ̀dù, Àpò àti Tráípọ́ọ̀dù fún Ìdíje Ọ̀nà Jíjìn

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìdíje ìbọn ọ̀nà jíjìn, yálà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Bisley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í pẹ́ tó fi máa béèrè pé kí ni kí òun fi gbé iwájú ìbọn dúró: ṣé bípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, àpò ni, àbí tráípọ́ọ̀dù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Owó tó wà láàárín èyí tó dínwó jù àti èyí tó wọ́n jù lè tó ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ọ̀pọ̀ olùtajà ló sì ń polówó tiwọn bí ẹni pé òun ló máa pa ìtasẹ́yìn ìbọn kú. Kò sí èyí tó ń pa á kú nínú wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń pinnu ọ̀nà tí ìbọn máa gbà sẹ́yìn. Bó bá sẹ́yìn tààrà, ẹ ó máa wo àmì lọ nínú awò, ẹ ó sì fi ojú ara yín rí ibi tí ọta bà. Bó bá fò, tó ya sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó pàdánù ìròyìn yẹn, ọta kejì tí ẹ máa ta á sì jẹ́ àfojúbù.

Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: irú ìdúró wo ni mo máa ń yìnbọn jù? Lẹ́yìn ìyẹn ni ká tó máa sọ̀rọ̀ orúkọ ilé iṣẹ́.

Bí ìtasẹ́yìn ṣe rí gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú 6.5 Creedmoor, irú ọta tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọta rẹ̀ tó wúwo tó grain 140 (nǹkan bíi gíráàmù 9) ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìbọn yín bá jẹ́ kílò 4, agbára tó fi ń ta yín léjìká máa sún mọ́ joule 15. Bí ìbọn náà bá jẹ́ kílò 10, ọta kan náà, ẹ̀tù kan náà, agbára yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bíi joule 6. Ẹ kò tíì ra nǹkan kan mọ́ ọn o, ìwọ̀n ìbọn nìkan ló ṣe é. Ìyẹn ló fà á tí ìbọn àwọn tó ń díje nínú Precision Rifle Series, tí wọ́n ń pè ní PRS, fi sábà ń wúwo láti kílò 8 lọ sókè, tí wọ́n sì tún ń fi irin kún abẹ́ iwájú rẹ̀. Ìyẹn náà ló fà á tí púpọ̀ nínú wọn fi kúrò lórí 6.5 tí wọ́n bọ́ sórí 6mm, bíi 6mm Dasher àti 6mm GT: ọta grain 105 máa ń ti ìbọn sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tó kéré sí ti 6.5 Creedmoor.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í fi sọ́kàn. Ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́yìn kí ọta tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìbọn kílò 10 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn tó íńṣì 24, ó ti rìn sẹ́yìn ju ìdajì mìlímítà lọ. Nínú ìbọn kílò 4, ó ti rìn tó mìlímítà kan àti ààbọ̀. Ìrìn yẹn kéré, ṣùgbọ́n ohun tí ìbọn gbé lé ló ń darí rẹ̀. Bó bá ń darí rẹ̀ síbí lónìí tó ń darí rẹ̀ sọ́hùn-ún lọ́la, ibi tí ọta ń bà kò lè dúró sójú kan, bó ti wù kí ọ̀pá ìbọn náà dára tó.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Gíga ni àkọ́kọ́. Ẹni tó da ikùn délẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́ kò nílò ju íńṣì 6 sí 9 lọ. Bí ilẹ̀ bá dagun, tí koríko ga, tàbí tí wọ́n ní kí ẹ yìnbọn láti orí pèpéle, íńṣì 9 kò ní tó.

Ìkejì ni bó ṣe le. Ohun tó bá ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fa tírígà ń fi àìdánilójú kún iṣẹ́ yín. Ìkẹta ni bí ìbọn ṣe ń padà síbi tó wà lẹ́yìn tó bá ta, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, nítorí pé ní yáàdì 1,000 ọta 6.5 Creedmoor máa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀ lójú ọ̀run. Àkókò tó pọ̀ tó nìyẹn láti tún rí àmì kí ọta tó dé ibẹ̀, bí ìbọn kò bá yà kúrò.

Ìkẹrin ni bóyá ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó sì dúró síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Ilẹ̀ tó tẹ́ pátápátá kò wọ́pọ̀ lórí pápá. Ní yáàdì 1,000, ẹni tó ń lo 6.5 Creedmoor máa ń gbé awò rẹ̀ sókè tó nǹkan bíi mil 8 (mil ni ìwọ̀n igun tí wọ́n fi ń tún awò ṣe). Bí ìbọn bá fi dígírì 2 péré tẹ̀ sí ọ̀tún, ọta náà á fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 yà sí ọ̀tún. Ẹ lè máa bú afẹ́fẹ́, kó jẹ́ pé ẹsẹ̀ bípọ́ọ̀dù kan ló wọlẹ̀ ju èkejì lọ.

Ìyókù ni bó ṣe yá láti ṣí àti láti pa, owó rẹ̀, àti ohun tó fi ń so mọ́ ìbọn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ fún síso: ìkọ́ okùn tó wà lábẹ́ ìbọn ọdẹ, réèlì Picatinny (irin gbọọrọ tó ní eyín), àti réèlì Arca tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 38. Arca ló dára jù fún ìdíje, nítorí pé ẹ lè tú ìdè kan, kí ẹ fa bípọ́ọ̀dù síwájú tàbí sẹ́yìn, kí ẹ sì tún dè é láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Harris S-BRM

Àgbà ni èyí láàárín àwọn bípọ́ọ̀dù. Ní Barlow, ìpínlẹ̀ Kentucky, ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ kò sì jìnnà sí 100 sí 170 dọ́là. Ó ga láti íńṣì 6 dé 9, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ibi ìkọ́ ní íńṣì kọ̀ọ̀kan, ó lè tẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, sípíríìǹgì ló sì ń ta ẹsẹ̀ náà jáde bí ẹ bá tẹ ohun tó dè é. Lẹ́tà S tó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀ ló fi hàn pé ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ra èyí tí kò ní S láti fi ṣe ìdíje. Ẹ ó kàn máa bá ilẹ̀ jà ni.

Ìwà rere rẹ̀ ni pé kò ní ìrànù. Kò ń yí sí ọ̀tún sí òsì, nítorí náà bí ẹ bá fi èjìká tì í síwájú, ó dúró síbi tó wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó láti dá ìbọn dúró, ó sì fúyẹ́, nǹkan bíi gíráàmù 400.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń dé ibi ìtẹ̀sí, máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí ìbọn ti ń ta, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ta ogún ọta ó ti ń mì. Apá ìdè kékeré kan wà tí wọ́n ń tà láti fi rọ́pò nọ́ọ̀tì náà, kí ẹ lè fi ìka kan ṣoṣo dè é kí ẹ sì tú u. Kí ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ra bípọ́ọ̀dù. Ìkejì, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, ìkọ́ okùn ló ń so mọ́. Lára ìbọn onígi, ìkọ́ yẹn lè tú tàbí kó ya igi bí ẹ bá ń tì í gan-an lójoojúmọ́. Ẹ wá ohun tó máa so ó mọ́ Picatinny tàbí Arca. Ìkẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ju ibùdó méjì lọ: kó ká síwájú tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí dígírì 45 níbẹ̀. Sípíríìǹgì rẹ̀ tó wà níta sì máa ń kó koríko àti okùn.

Fún ẹni tó ń da ikùn délẹ̀ yìnbọn, a kò rí ìdí láti ná ju èyí lọ ní ọdún àkọ́kọ́.

Atlas BT10 àti ẹ̀yà rẹ̀ tó ń dè

B&T Industries ní Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas, ló ń ṣe Atlas. BT10 ga láti íńṣì 4.75 dé 9. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dúró ní dígírì 45 síwájú, dígírì 90 tààrà, tàbí dígírì 45 sẹ́yìn, ẹ sì lè yí ẹsẹ̀ kan síbìkan kí ẹ yí èkejì síbòmíràn. Ìyẹn wúlò púpọ̀ lórí òkúta, níbi tí ẹsẹ̀ òsì máa wà lórí àpáta tí ẹsẹ̀ ọ̀tún máa wà nínú kòtò. Ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó dígírì 15, ó sì tún ń yí sí ọ̀tún àti òsì tó dígírì 15. Owó rẹ̀ sábà wà láàárín 250 sí 350 dọ́là.

Yíyí yẹn ni a ní ẹjọ́ sí. Ẹni tó ń tọ ohun tó ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì lè fẹ́ ẹ. Ẹni tó ń ta irin tó dúró sójú kan kò nílò rẹ̀, nítorí ó kàn ń ṣí ọ̀nà mìíràn fún ìbọn láti gbà yà ni. Bí ẹ bá gbé BT10 sílẹ̀ láì tì í síwájú, ẹ ó rí i pé ó ń mì díẹ̀ lọ́wọ́ yín. Kò bàjẹ́ o. Wọ́n ṣe é kí èèyàn fi ara tì í ni, àlàfo yẹn á sì di. Ẹni tí kì í fi ara ti ìbọn rẹ̀ kò ní gbádùn rẹ̀ láéláé.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní CAL, tí kì í yí, tó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, tí ẹ sì lè dè é síbi tó tẹ́ yín lọ́rùn. Bí ẹ bá ti pinnu láti ra Atlas fún ìdíje, èyí ni kí ẹ mú.

Ckye-Pod àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gíga

MDT ní Chilliwack, nílẹ̀ Kánádà, ló ń ta Ckye-Pod, òun sì ni ẹ máa bá lára ìbọn púpọ̀ nínú PRS. Owó rẹ̀ kọjá 500 dọ́là. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni gíga tó kọjá ti Harris àti Atlas, ẹsẹ̀ tí ẹ lè fẹ̀ tàbí kí ẹ fún ní ìwọ̀n tó wù yín, àti ìtẹ̀sí-ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀ débi pé ẹ lè yìnbọn lórí òrùlé tó dagun kí ìbọn ṣì dúró ṣánṣán.

Ibi tó ti ń yọ owó rẹ̀ ni àwọn ìpele (ìyẹn apá kọ̀ọ̀kan ìdíje) tí wọ́n ti ní kí ẹ jókòó, tàbí kí ẹ yìnbọn láti orí pèpéle sísàlẹ̀, tàbí nínú koríko tó ga dé orúnkún. Ó tún wúlò lára igi ìdènà, ìyẹn igi tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí pápá kí ẹ lè gbé ìbọn lé e, lọ́nà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹ fà á sẹ́yìn lórí Arca títí yóò fi kù díẹ̀ kó kan ilé ọta, ẹ sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ náà ti iwájú igi ìdènà nígbà tí ìbọn gbé lé àpò lórí igi náà. Ohun tí ẹ lè fi èjìká tì ti dé nìyẹn, ìbọn kò sì ní rọra máa yọ́ kúrò lórí igi.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó wúwo, ìdè rẹ̀ sì pọ̀. Ìdè kan fún gíga, ìkan fún fífẹ̀, ìkan fún ìtẹ̀sí. Nínú ìpele oníṣẹ́jú àáyá 90 tí ẹ ti máa ta ọta mẹ́wàá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn máa lo ogún ìṣẹ́jú àáyá nínú rẹ̀ lórí ìdè nìkan. Ẹsẹ̀ tó gùn tún ń mì ju ẹsẹ̀ kúkúrú lọ: bí ẹ bá fà á jáde tán, ìbọn á fò ju bó ṣe máa fò ní íńṣì 7 lọ. Nítorí náà, ẹ máa lo gíga tó kéré jù tí ara yín bá gbà.

Bípọ́ọ̀dù gbígbòòrò ti F-TR

Ìdíje F-Class yàtọ̀ pátápátá. Farquharson, ará Kánádà kan, ló dá a sílẹ̀, ìyẹn ni F fi wà níbẹ̀. Nínú F-TR, tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kan, .308 Winchester tàbí .223 Remington nìkan ni wọ́n gbà, ìbọn, awò àti bípọ́ọ̀dù lápapọ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kílò 8.25 lọ. Nínú àmì Amẹ́ríkà fún yáàdì 1,000, òrùka 10 jẹ́ íńṣì 10, òrùka X tó wà láàárín rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 5. Kò sí eré sísá, kò sí igi ìdènà. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ ó sì ní ìṣẹ́jú púpọ̀.

Bípọ́ọ̀dù tó yẹ ibẹ̀ fẹ̀ gan-an, ó kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dà bíi pákó pẹlẹbẹ tó ń yọ́ lórí ẹní. Lára àwọn kan, bíi Joy-Pod, ọ̀pá kan gùn wá sẹ́yìn tí ẹ fi ń sún àmì awò sókè-sódò láì gbé nǹkan kan kúrò nílẹ̀. Níbí, ẹ kì í ti bípọ́ọ̀dù síwájú. Ẹ ń jẹ́ kí ìbọn yọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, ẹ sì ń ti í padà sójú àpá rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ẹní tó ká tàbí tó ní okùn, àti àpò ẹ̀yìn tó rọ̀ jù tí ìdí ìbọn ń rì sínú rẹ̀. Bí àpá ẹsẹ̀ bípọ́ọ̀dù lórí ẹní kò bá gùn dọ́gba lápá méjèèjì lẹ́yìn tí ẹ bá ta ọta márùn-ún, ara yín ni kò tọ́ lẹ́yìn ìbọn.

Lórí pápá PRS, kò wúlò rárá. Kò ṣeé ká, kò ṣeé gbé sáré.

Àpò

Ohun tó wúlò jù lọ nínú ìdíje onírúurú ìdúró ni àpò, kò sì wọ́n. Game Changer láti ọwọ́ Armageddon Gear, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ló sọ irú rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká: àpò káńfáàsì tó ní itan méjì tó ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igi bí àpò tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju 100 dọ́là lọ. Ẹ lè ra èyí tó ní iyanrìn nínú tàbí èyí tó ní ẹyọ rọ́bà fúyẹ́. Iyanrìn ni ká mú bí ìdíje kò bá ní rírìn púpọ̀, nítorí ó ń jókòó, ó sì ń gba ìtasẹ́yìn sára. Èyí tó fúyẹ́ yẹ ẹni tó máa rìn láti ìpele dé ìpele pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí a ń gbà lò ó lórí igi ìdènà rèé. Ẹ gbé àpò lé igi, ẹ fi ọwọ́ gbá a kí àárín rẹ̀ ṣe kòtò. Ẹ gbé ìbọn lé e níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti dọ́gba, èyí tó sábà wà níwájú ilé ọta díẹ̀, débi pé bí ẹ bá yọwọ́, ẹnu ìbọn kò ní ṣubú, ìdí rẹ̀ kò sì ní ṣubú. Ẹ jẹ́ kí ìbọn fúnra rẹ̀ jókòó. Ẹ wá mú èjìká wá bá ìdí ìbọn. Ẹ má fa ìbọn wá bá èjìká. Ọwọ́ òsì lè wà lórí awò, kó rọra tẹ ìbọn wọ inú àpò, tàbí kó di àpò àti ìbọn mú pọ̀. Ẹ mí jáde, ẹ dúró títí àmì awò yóò fi dúró, kí ẹ tó fa tírígà.

Ohun mẹ́ta ló máa ń bà á jẹ́. Bí ọ̀pá ìbọn bá kan igi tàbí àpò, ibi tí ọta ń bà máa yí. Ìwájú igi ìbọn nìkan ni kó jókòó. Bí àpò bá kún bámúbámú, ìbọn á máa yí lórí rẹ̀ bíi pé ó wà lórí bọ́ọ̀lù. Ẹ tú ẹnu rẹ̀ kí ẹ dín ohun inú rẹ̀ kù. Bí ìbọn bá sì fúyẹ́ ní iwájú, ìdí rẹ̀ á máa rọ̀, ẹ ó sì máa fi iṣan gbé e sókè. Irin tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ iwájú ìbọn wà fún ìyẹn gan-an.

Àwọn ògbóǹtarìgì kan máa ń fi ìbọn sílẹ̀ lórí àpò pátápátá, kí wọ́n má fara kan nǹkan kan ju tírígà lọ. Ó ṣeé ṣe fún ìbọn kílò 10 tó ń lo 6mm tó sì ní bíréèkì lẹ́nu (ohun tó ń dín ìtasẹ́yìn kù). Bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ọdẹ kílò 4, awò lè gbá yín lójú.

Tráípọ́ọ̀dù

Fún ìdúró lórí ẹsẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ níbi tí kò sí ohunkóhun láti gbé ìbọn lé, tráípọ́ọ̀dù ni. Èyí tó dára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ káábọ̀nù, pẹ̀lú orí tó ń di Arca mú, lè kọjá 1,000 dọ́là. Àwọn tó rọ̀ díẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ sá fún èyí tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà kékeré, orí rẹ̀ á máa yọ́ bí ìbọn bá ti ta. Ẹ fẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ẹ má gbé ọ̀pá àárín rẹ̀ sókè, ẹ so àpò ẹrù yín mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ara díẹ̀ tẹ̀ síwájú lu ìbọn. Ẹni tó bá dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀ máa rí i pé ìbọn ti òun sẹ́yìn, àmì sì lọ sókè.

Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni láti wà lẹ́yìn: àpò ń gbé iwájú ìbọn lórí igi ìdènà, tráípọ́ọ̀dù ń gbé ìdí rẹ̀. Ó ń dá ìbọn dúró gan-an, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àkókò, àwọn ìdíje kan sì ń fi ààlà sí i. Ẹ ka òfin ìpele kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní PRS, bóòtù (irin tó ń ti ẹ̀yìn ọta pa nínú ìbọn) gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní ibùdó kan bọ́ sí èkejì. Ẹni tó gbé ìbọn àti tráípọ́ọ̀dù pọ̀ lọ́wọ́ máa ń gbàgbé.

Ohun tí owó kò lè rà

Gbogbo ìwọ̀nyí asán ni bí ara kò bá tọ́. Bí ẹ bá da ikùn délẹ̀, kí ẹ̀yìn yín àti ọ̀pá ìbọn wà lójú ìlà kan, kí èjìká méjèèjì dọ́gba, kí ìdí ìbọn wà nítòsí eegun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, kì í ṣe létí apá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún yìnbọn, tó sì dùbúlẹ̀ gẹ̀rẹ́ sí òsì, sábà máa rí i pé ìbọn ń fò sí òsì. Bípọ́ọ̀dù 600 dọ́là kò ní tún un ṣe. Ẹ fi àyà sún síwájú díẹ̀ títí ẹsẹ̀ bípọ́ọ̀dù á fi di mú, kí ẹ sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹni tó ń fi gbogbo agbára tì í máa ń gbọ̀n.

Ilẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Lórí kọ́ńkéré, ẹsẹ̀ rọ́bà máa ń ta bíi bọ́ọ̀lù, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní sábẹ́ rẹ̀. Lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti koríko, ẹsẹ̀ oníìka irin ló ń di mú. Nínú iyanrìn, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ẹ dán an wò ní yáàdì 100. Ẹ ta ọta márùn-ún láì mójú kúrò lójú awò, kí ẹ kíyè sí ibi tí àmì awò ń bọ̀ sí lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá kúrò ju mil 1 lọ, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9, ó dára. Bí ihò ọta bá ń tò sókè-sódò, ẹ wo àpò ẹ̀yìn: ọwọ́ tó ń fún un kò fún un dọ́gba. Bí wọ́n bá ń tò sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ara yín àti ìka tó wà lórí tírígà.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó wà ní Britain, tó ń yìnbọn ní Stickledown, pápá Bisley tó lọ láti yáàdì 800 dé 1,200, tó sì fẹ́ràn F-TR, kó lọ tààrà síbi bípọ́ọ̀dù gbígbòòrò. Harris tàbí Atlas á jẹ́ kó kópa, kò ní jẹ́ kó borí.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ PRS ní Texas tàbí Georgia, kó ra àpò kí ó tó ra bípọ́ọ̀dù olówó ńlá. Nínú ọ̀pọ̀ ìpele, àpò ló máa wà lábẹ́ ìbọn. Bípọ́ọ̀dù kàn ń kà fún àwọn ìpele tí a ti ń da ikùn délẹ̀. Harris pẹ̀lú apá ìdè àti ohun tó so ó mọ́ Arca tó fún un. Bó bá ti ń díje lóṣooṣù, tó sì ń pàdánù ojú àmì lórí pèpéle àti òrùlé, nígbà náà ni kó ná owó Ckye-Pod.

Atlas CAL yẹ ẹni tó ń yìnbọn lórí ilẹ̀ olókùúta, tó ń rìn jìnnà, tí kò sì fẹ́ ìdè púpọ̀. BT10 tó ń yí, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ ohun tó ń rìn.

Tráípọ́ọ̀dù ló kẹ́yìn nínú ìnáwó, àfi fún ẹni tí ìdíje rẹ̀ ní ìdúró àti ìkúnlẹ̀ púpọ̀, tàbí tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀ mọ́.

Bí gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ kò bá ju 300 dọ́là lọ: Harris àlòkù tí ẹ ti yẹ ẹsẹ̀ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò, àpò oníyanrìn kan fún iwájú, àpò kékeré kan fún ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi gbogbo èyí tó bá kù ra ọta.